Ilé Ọtí Ẹnu Ẹkùn

Ọkùnrin kan di ojú méjèèjì, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láàárín àwọn mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń kọ mànà níwájú orí rẹ̀. Ó dé ibì kan, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé dúró bí ère. Wọ́n ní kó kọ ìtàn àwọn ilé àtijọ́ àdúgbò náà, àmọ́ kò tíì rí ẹni tó ń wọ ilé tí kò sí mọ́ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?"

Ó lajú. "Ilé ọtí ni."

"Odidi ilé ọtí?"

"Àti gbogbo ọ̀mùtí inú ẹ̀."

Wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà ni. Ibẹ̀ ni ilé ọtí ìyá rẹ̀ wà kí wọ́n tó wó o lógún ọdún sẹ́yìn. Yàrá ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ojú ìyá ti fọ́ báyìí, ni ọmọ bá ń fi pákó kọ́ ilé náà ní kékeré, kí ìyá lè fi ìka rí i.

Láti ọjọ́ náà, bí ọmọbìnrin náà bá ti ṣíwọ́, ìsọ̀ káfíńtà ló ń kọrí sí. Ẹnu Ẹkùn ni wọ́n ń pe ilé ọtí náà, torí ẹni tó fi eyín méjìlélọ́gbọ̀n wọlé lè gbé ọgbọ̀n relé. Ìgò a máa fò bí ẹyẹ. Àmọ́ ìyá káfíńtà tó ni ín kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju káńtà lọ. Bó bá fọwọ́ gbá káńtà náà lẹ́ẹ̀kan péré, géńdé á jókòó wọ̀ọ̀ bí ọmọ iléèwé. Orí ọmọbìnrin náà á wú.

"Oníbèéèrè mi," káfíńtà wí lọ́jọ́ kan, "ìbéèrè kan wà tí o ò tíì bi mí. Bóyá mo nífẹ̀ẹ́ ẹ."

"Ojú ẹ ti dáhùn ìyẹn tipẹ́."

Nígbà tí ọmọbìnrin náà sọ fún bàbá rẹ̀, télọ̀ àgbà tí kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá. "Ọmọ Ẹnu Ẹkùn? Kò ṣeé ṣe, níṣojú mi kọ́!" Kò sọ ìdí.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pákó náà parí, káfíńtà gbé e lé itan ìyá rẹ̀ níṣojú ọmọbìnrin náà. Ìka ìyá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó kọjá lára àwọn àga, ó dé kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn káńtà, ó dúró.

"Ibí ni mo tì í sí."

"Ta ni, Mà?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Télọ̀ kan, ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà yẹn. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gún ọ̀rẹ́ ẹ̀, ni ọkùnrin mọ́kànlá bá yí i ká. Mo tì í síbẹ̀, mo dúró síwájú ẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ mi lápá, mi ò yẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, ó gba ẹ̀yìn jáde. Mi ò gbúròó ẹ̀ mọ́."

Ọmọbìnrin náà rántí abẹ́rẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó sáré relé.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni télọ̀ inú kọ́bọ́ọ̀dù?"

Bàbá fọwọ́ bojú. "Mo gbọ́ bí egungun ẹ̀ ṣe kán, mo sì sá. Mi ò padà lọ dúpẹ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọmọ ẹ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà pẹ̀lú omijé. Ìyá fọwọ́ wá orí rẹ̀ kàn.

"Ọmọ mélòó lo bí?"

"Ẹyọ kan, Mà. Òun ló dúró yìí."

"A jẹ́ pé wọn ò ṣẹ́ mi lápá lásán."

Bàbá gbójú sókè. "Káfíńtà, ṣé o ṣì fẹ́ ọmọ mi?"

"Bàbá, òun ni kẹ́ ẹ bi."

Ọmọbìnrin náà ń wo obìnrin kékeré tó jókòó sórí àga. Ká ní ó yẹ ẹsẹ̀ kan péré lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá má bí òun sáyé. Ó di ọwọ́ káfíńtà mú.

"Mo fẹ́ ẹ," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó wà nílé àdúrà.