Igi Dógóńyárò Tíṣà Adégbìtẹ́

Ikú tó mú ọmọ Títí kò kan ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án, Ayọ̀mípọ̀sí ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú àgbàlá. Nígbà tó di ìdájí, ọrùn rẹ̀ ti gan. Kí oòrùn tó yọ, Ọlọ́run ti gba nǹkan rẹ̀. Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ ká fi irú rẹ̀ gbara wa.

Dókítà ní kí wọ́n dúró de èsì àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹnu ayé kì í dúró de èsì. Àwọn Yorùbá àdúgbò Gagi ní Sókótó tó wá bá wọn dárò ń yọ́jú wo igi dógóńyárò mẹ́ta tó wà láàárín ilé Títí àti ti Ìyá Adéníkẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, lékeléke á bo orí wọn funfun. Láàárọ̀, ìyá yìí á jókòó sábẹ́ wọn, á máa dá sọ̀rọ̀, á máa mi orí.

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,” ni Mojísọ́lá, àbúrò Títí, wí. “Ẹyẹ wo lẹ tún fẹ́ rí?”

Bẹ́ẹ̀, oríkì ọkọ rẹ̀ ni ìyá ń kì. Tíṣà Adégbìtẹ́ ló gbin igi wọ̀nyẹn nígbà tí Gagi ṣì jẹ́ oko ọkà bàbà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sin ín sí; kò sí ìyàwó ilé kan ní Sókótó tó lè bá a kì í. Ló bá ń kì í fún igi: “Àlàó, agbingi-sílẹ̀-onílẹ̀ kẹ́yẹ onílẹ̀ ríbi sùn. Àlàó, òjìji tí kì í bèèrè ìlú ẹni.” Àwọn ọmọ ìgboro tí kò gbọ́ oríkì rí àfi níbi ìgbéyàwó, ọfọ̀ ni wọ́n pè é.

Lọ́jọ́ tí Ọláfẹ́mi, ọkọ Títí, mú Mamman agégi wá, Ìyá Adéníkẹ́ kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò dàgbà tó àbígbẹ̀yìn rẹ̀.

“Fẹ́mi, bó bá jẹ́ èmi lo fura sí, èmi ni kó o bi léèrè. Igi ò pa ẹnì kankan.”

“Ẹ dìde, Mà.” Kò wo ojú rẹ̀. “Ṣé mo pè yín ní nǹkan ni? Igi ni mo ní kí wọ́n gé.”

Mamman ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí arúgbó nílẹ̀. “Haba, ọ̀gá,” ló wí. Ọláfẹ́mi ní Máì Àńgúwà, olórí àdúgbò, ti fọwọ́ sí i. Ni ayùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ìyá ké pe Ọlọ́run, igi kan wó. Ó tún ké pè É, èkejì wó. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó kàn ń wò ó títí tó fi wó. Ní ìrọ̀lẹ́, lékeléke dé, wọ́n ń yí òfúrufú po. Wọ́n ní igi dá, ẹyẹ fò. Ènìyàn ni kò ríbi fò lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì ni èsì dé. Sánkàráù ni, àìsàn ọrùn gígan tí í jà nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn. Dókítà ní kí wọ́n yé há ara wọn mọ́ yàrá tí a tì pa. Kí wọ́n máa jókòó síbi afẹ́fẹ́, lábẹ́ igi.

Títí nìkan ló dá wá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá, ó ń sunkún.

“Mo ti dárí jì yín,” ni Ìyá Adéníkẹ́ wí. “Ìwọ náà, ọmọ lo pàdánù. Dìde, oòrùn ń pa ọ́. Wá jókòó.”

Ó sún àpótí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó tún sún un. Òjìji ibẹ̀ kò gba ẹni méjì.