Ta Ni Yóò Kà Á ní Maryland?

Fọláhàn rò pé àdúrà ni obìnrin náà ń gbà. Inú bọ́ọ̀sì yunifásítì ní College Park, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, ni. Obìnrin ọ̀hún dijú, ètè rẹ̀ ń mì, ó sì gbé báàgì lé orí àga kan ṣoṣo tó ṣófo. Ilé Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ Fọláhàn dàgbà, kì í dí aládùúrà lọ́wọ́. Ó dúró kó ṣe àmín. Àmín ò dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, àdúrà yín mà gùn o," ló wí níkẹyìn.

Obìnrin náà lajú, ó rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe àdúrà. Ìtàn ni mò ń kọ. Mo máa ń fẹnu sọ ọ́ ná, kí n lè mọ̀ bóyá èèyàn gidi lè sọ bẹ́ẹ̀."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ síra wọn o. Èmi ni mò ń bá yín sọ ọ́ ní Yorùbá.

Girija lorúkọ rẹ̀. Láíbìrì yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ni. Èdè Kannada, tí wọ́n ń sọ nílùú rẹ̀ ní gúúsù Íńdíà, ló fi ń kọ ìtàn àròsọ, ìwé ìròyìn kan ní Bengaluru sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn obìnrin lọ́hùn-ún kì í fi ìtàn rẹ̀ ṣeré rárá.

"Níbí ńkọ́?" Fọláhàn bi í.

"Níbí, ẹni tó ń to ìwé ni mí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí."

"Èmi ti mọ̀ ẹ́ báyìí."

Apoògùn ni Fọláhàn ní Cheverly. Ó ti lé lógójì, kò tíì gbéyàwó, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ti sú gbogbo ilé. Kó tó mọ̀, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ó fún Girija lóríkì, ó ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Girija náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe "ọkọ mi," ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láìtijú níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá Fọláhàn ló kù. Nọ́ọ̀sì àgbà ni Màmá nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, ilé ńlá ló ń gbé ní Mitchellville, wọn kì í sì í dá nǹkan kan ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Íńdíà kẹ̀?" ni Màmá wí. "Ṣé àwọn ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ ti tán ni? Ìjọ wo ló ń lọ?"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ rí i ná."

Màmá rí i. Girija fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Ó jẹ ẹ̀fọ́ tí wọn ò fi ẹran sí, ó tún bu sí i. Lẹ́yìn tó lọ, Màmá ní, "Ó níwà. Ẹran tí kì í jẹ yẹn nìkan ni mi ò tíì gbà." Ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ sí ìgbà ooru, káwọn òbí Girija lè ráyè wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò sé wọn mọ́ inú mọ́tò. Ibẹ̀ ni Fọláhàn ti sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Àǹtí Adébùnmí tó wà n'Íbàdàn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí àbúrò Màmá, kì í ṣe àbúrò Màmá. Ọmọ rẹ̀ ni. Ilé ìwé girama ni Màmá wà tó fi bí i. Ìyá àgbà, ìyá Màmá, gba ọmọ náà, ó ní òun lòun bí i, ó fi aṣọ di ọmú ọmọ rẹ̀ pinpin kí wàrà má bàa tú àṣírí, ó ń fi ọmú gbígbẹ sẹ́nu ìkókó lójú àwọn aládùúgbò.

"Títí dòní, sístà mi ló ń pe ìyá tó bí i," ni Fọláhàn wí. "Bàbá mi kú, wọn ò mọ̀. Ìyá àgbà ló sọ fún mi nígbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀."

Girija sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ló sọ fún un, ojú sì ń tì í: "Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ Màmá ti wọnú ìtàn mi. Mo gbé e lọ sí abúlé tiwa, mo yí orúkọ padà. Bí o bá ní kí n má fi ránṣẹ́, màá yọ ọ́."

Fọláhàn fẹnu kò ó lórí. "Àbẹ̀kẹ́ mi, fi ránṣẹ́. Ta ni yóò kà á ní Maryland?"

Bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì kan wà tó ń bá Màmá ṣiṣẹ́, Shobha lorúkọ rẹ̀, ará ìlú kan náà pẹ̀lú Girija. Orí fóònù ló ti máa ń ka ìwé ìròyìn Bengaluru yẹn tó bá ń jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan ó ń kà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, Màmá àtàwọn tó kù sì bi í pé kí ló dé. Ó bá sọ ìtàn náà fún wọn: ọmọ tí wọ́n sọ di àbúrò, aṣọ tí wọ́n fi di ọmú, ọmú gbígbẹ. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Màmá.

"Ta ló kọ ọ́?" ló bi Shobha.

Shobha sọ orúkọ.

Màmá pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀. Kò pariwo, ìbá sàn ká ní ó pariwo.

"Fọláhàn, ta ló sọ fún un?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ìwọ lo ní kó kọ ọ́?"

Ẹ̀rù ba Fọláhàn. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó rí i pé ojú náà ti rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Rárá, mà. Mi ò mọ̀."

Girija yíjú wò ó. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo ṣe é."

"Ìwọ ò burú," Màmá dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n o ti rí mi níhòhò, o sì ti fi mí han ayé. Mi ò lè máa jókòó tì ẹ́ jẹun. Ẹ má jẹ̀ẹ́ káwọn òbí ẹ wá mọ́."

Nínú mọ́tò, Fọláhàn ń bẹ̀bẹ̀. "Màá padà lọ sọ òótọ́. Mo ṣèlérí."

Girija dúró de ìlérí náà. Ó retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó retí rẹ̀ lóṣù yẹn. Fọláhàn ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, ó ń jẹun, ó ń padà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Girija bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì Bengaluru.

Ibùdókọ̀ rélùwéè College Park ni wọ́n ti dágbére, láàárọ̀. Fọláhàn gbé àpótí rẹ̀ dé orí pèpéle.

"Mo fẹ́ràn rẹ," ló wí.

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ. Ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn."

"Nínú ìwé tó ń bọ̀, irú èèyàn wo lo máa fi mí ṣe?"

Girija mi orí. "Mi ò ní kọ nípa rẹ rárá. Kì í ṣe ojú rẹ, kì í ṣe ẹ̀rín rẹ, kì í ṣe orúkọ tí o sọ mí. Fọkàn balẹ̀. Ìyá rẹ kò tún ní gbọ́ ohunkóhun."

Fọláhàn dúpẹ́. Ó dúpẹ́ dáadáa, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Rélùwéè dé, Girija wọlé, ilẹ̀kùn pa dé.

Fọláhàn ti jókòó sínú mọ́tò, ó fẹ́ máa lọ ṣí ilé oògùn, kí ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí tó yé e. Àwọn obìnrin tí kò mọ Màmá rí ń sunkún nítorí ìtàn rẹ̀ ní Íńdíà lọ́hùn-ún. Ní ti òun, kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́ pé òun fẹ́ràn Girija rí. Ó gbé orí lé ọwọ́ mọ́tò, kò sì lè wakọ̀.