Ọkọ̀ Awó

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ìwọ tó ń tẹ fóònù lẹ́yìn yẹn, dà á dojú bolẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pè ọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó ìtàn yìí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ni, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tètè, nítorí kò ní pẹ́ lẹ́nu yín.

Ìyá ọmọbìnrin kan ló ni ọkọ̀ náà. Akunlé ni ìyá yìí, iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ló ń ṣe. Kò sí ògiri tó ga jù fún un. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń di àkàbà mú fún un. Ogún ọdún ló fi ń kó garawa ọ̀dà sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, ogún ọdún ni ọ̀dà sì fi ń ta sílẹ̀ níbẹ̀. Búlúù rèé, funfun rèé, pupa rèé, gbogbo rẹ̀ wá rí tóótòòtó bí ìyẹ́ ẹyẹ awó.

Lọ́jọ́ kan, àkàbà yẹ̀. Ìyá ṣubú, ó forí gbálẹ̀. Ara yá, ṣùgbọ́n nǹkan ò dúró nínú orí yẹn mọ́. Ó ń gbàgbé ọjọ́, ó ń gbàgbé pé òun ti jẹun, ó gbàgbé ọmọ tó bí. Ibì kan ṣoṣo ni ìrántí ti ń padà wá bá a: ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọmọ á gbé àpótí sílẹ̀, ìyá á gùn ún wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, á jókòó, á wá máa fi ìka tọ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Búlúù yìí, ilé tíṣà tó ní ajá mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí n tún un kùn. Alárìíwísí ọkùnrin."

"Funfun yìí ńkọ́, Màámi?"

"Ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan lọ fara ti ògiri ẹ̀ kó tó gbẹ."

Ní igun, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àmì kan wà tó tó àtẹ́lẹwọ́, yẹ́lò bíi pupa ẹyin. Tí ìka ìyá bá dé ibẹ̀, á dúró. "Yàrá ọmọ mi lèyí. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n bí i ni mo kùn ún." Á wá gbójú sókè wo ọmọ tó jókòó tì í. "Ẹyẹlé mi, ṣé o ti jẹun?"

Orúkọ tó fi ń kẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni Ẹyẹlé máa ń ní ìyá, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ẹyẹlé, ẹ̀yin náà sì mọ ọjọ́ orí yẹn: òjìji èèyàn gan-an a máa tì í lójú. Ọkọ̀ yìí ni bàbá rẹ̀ fi ń gbé e lọ síléèwé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹnudùn ò sì jẹ́ kó sinmi.

"Ẹ yà lọ́nà o, Ọkọ̀ Awó ti ń bọ̀. Kó má lọ yé ẹyin sí wa lórí."

Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ẹnudùn á tún ní:

"Ọjọ́ tá a bá kọ ìdánwò àṣekágbá tán, òun ló máa kó wa. Mo ti gba àyè tèmi sílẹ̀."

Ẹ̀rín tún sọ. Ẹyẹlé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ló fi rín in.

Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Bàbá, tó ti wá ń fi kó búlọ́ọ̀kù, ní àwọn gbọ́dọ̀ wá nǹkan tẹ́ ẹ. Ó mú Ẹyẹlé lọ sọ́dọ̀ Bàbá Rọ́bà, ọkùnrin tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń rùn bíi bàtà tuntun.

"Mẹ́ta ni mo ní," ni Bàbá Rọ́bà wí. "Eléyìí, ike ni, bí abọ́ ńlá. A kàn máa gbé e sínú ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi máa ń sá sábẹ́ ẹ̀, ìpẹtà á wá máa jayé orí ẹ̀ níbẹ̀. Eléyìí, rọ́bà tó ṣeé ká bí ẹní. Ẹ lè ká a kúrò nígbàkigbà. Ìkẹta ni rọ́bà olómi tí mò ń fín mọ́ irin. Dúdú, ó ń kọ mànà. Ọkọ̀ máa kú kó tó kúrò níbẹ̀."

Fóònù Bàbá dún. Ẹnì kan fẹ́ kó búlọ́ọ̀kù. "Tó bá jẹ́ tèmi, rọ́bà tó ṣeé ká yẹn ni," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwọ lò ń bá ìyá ẹ jókòó níbẹ̀, ìwọ lo mọ èyí tó yẹ. Yàn án." Ó bọ́ síta lọ dáhùn.

Bàbá Rọ́bà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀ ọkọ̀. "Ọmọ mi, kí n tó lè fín ìkẹta yẹn, ẹ̀rọ ni mo máa fi ha gbogbo ọ̀dà yìí dànù. Kò ṣeé dá padà lẹ́yìn náà o."

Ẹyẹlé wo àmì yẹ́lò yẹn. Ẹ̀rín kíláàsì ń dún létí rẹ̀. Ohun tó wá rò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Ó ní, ṣebí gbogbo nǹkan ni Màámi ń gbàgbé, wọ́n á gbàgbé èyí náà.

"Ẹ fín in, sà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ọkọ̀ dúdú bíi bàtà sọ́jà. Ìyá gun àpótí bó ṣe máa ń ṣe. Orí lè gbàgbé, ìka ò gbàgbé. Ó fọwọ́ tọ ibi tí ilé tíṣà wà, ó wá ilé ìwòsàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ó ń fọwọ́ ra ilẹ̀ dúdú tó ń ha èèyàn bíi yanrìn yẹn, títí awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó.

"Gbogbo àdúgbò ti kó lọ," ló wí. "Wọn ò dágbére fún mi."

Bàbá rí i. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó fi fìlà bojú.

Ẹyẹlé sáré lọ bá Bàbá Rọ́bà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣí i kúrò."

"Kí ni mo fẹ́ ṣí? Eruku ọ̀dà yẹn ni mo gbá dànù lánàá."

Wọ́n máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tọ̀tẹ̀ yìí, agbè náà fọ́. Ẹyẹlé mú ìyá wọ yàrá yẹ́lò náà gan-an, èyí tí ìyá kùn kó tó bí i. Ìyá yin ògiri, ó ní ẹni tó kùn ún mọṣẹ́, ó sì jáde. Ẹyẹlé wá lọ po ọ̀dà, ó ń fi wé ògiri náà títí àwọ̀ méjèèjì fi dọ́gba, ó sì da díẹ̀ sí igun ọkọ̀, níbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

Nígbà tí ìka ìyá dé ibẹ̀, ó dúró. Ìyá fa etí aṣọ rẹ̀, ó nu ọ̀dà tútù náà, ó nù ún mọ́ tónítóní.

"Ẹ má bínú, mà," ló sọ fún ọmọ tó bí. "Èmi ni mo da ọ̀dà sí ọkọ̀ yín. Mo ti nù ún."

Ohun tá a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ọmọ akunlé ni kò náání ọ̀dà. Ẹ̀yin ọmọ mi, kẹ́ ẹ tó bo ohun tó ń tì yín lójú mọ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń fi ríran. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rín tẹ́ ẹ ò bi ẹni tó ń rín in léèrè ìdí rẹ̀ yan nǹkan fún yín.

Lọ́jọ́ tí ìdánwò parí, Bàbá gbé ọkọ̀ dúdú náà dé ẹnu géètì, Ẹnudùn àti gbogbo kíláàsì sì ti tò síbẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà ṣe àmì tóótòòtó sára aṣọ wọn kó lè bá ọkọ̀ tí wọ́n ń retí láti wọ̀ mu, wọ́n ń wò kiri, wọ́n ń bèèrè pé, "Ọkọ̀ Awó wa dà?"