Awakọ̀ Tó Ń Sun Bọ̀ọ̀lì

Bọ̀ọ̀lì tí Mùnírù kọ́kọ́ tà fún Bámikẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti di èédú, inú rẹ̀ ò sì jinná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń sun ún ni àbí ẹ̀ ń bá a jà?"

Mùnírù wolẹ̀. "Ẹ má bínú. Awakọ̀ ni mí. Látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, ọkọ̀ mi ò rí èrò gbé lọ sí Ìdí-Ìrókò mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ èyí."

Bámikẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àánú ló ṣe é. Ó lóṣòó, ó wa ẹ̀yinná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń yí i hàn án.

Akọ̀wé ni Bámikẹ́ ní Pólì Ìlaró. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ilé kì í gbà á. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé, ìyá náà kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdí nìyí tó fi máa ń rìn yí ọjà ìrọ̀lẹ́ ká, láti ìdí àkàrà dé ìdí ẹja díndín, láìmọ ohun tó ń wá. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ó mọ̀ ọ́n.

Oṣù mẹ́rin kọjá, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kan bá ti dún lójú títì, ọrùn Mùnírù á yí.

"Olólùfẹ́ mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "bí bọ́dà ò bá ṣí, màá lọ wakọ̀ l'Ékòó."

Nígbà tí Bámikẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Mùnírù àti Èkó fún ìyá rẹ̀, ìyá fi ọbẹ̀ tó ń rò sílẹ̀.

"Mi ò gbà. Oṣù mẹ́ta ni bàbá ẹ ní òun ń lọ lò ní Kútọnu. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé."

Kò sọ ọ́ síta rí.

Bámikẹ́ ò lè jẹun. Ó gba ọjà lọ. "Mùnírù, má purọ́ fún mi. Ṣé wàá fi mí sílẹ̀ ni?"

"Mi ò lè búra pé mi ò ní í lọ. Ọkọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n wà. Ṣùgbọ́n ibi yòówù tí mo bá ń lọ, ìwọ ni wàá jókòó tì mí."

"Wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi."

Ó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, èédú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó sì ní Àgọ́sàsà ni bàbá òun wà.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ò wọ́n," ni ìyá wí. "Mú bàbá ẹ wá láti Àgọ́sàsà ní Sátidé, aago méjì. Bó bá ti kọjá, má wá mọ́."

Sátidé dé. Aago méjì lù, wọn ò rẹ́ni. Bámikẹ́ pè é, fóònù ò lọ. Aago mẹ́ta kọjá.

"Bámikẹ́, lọ bọ́ aṣọ yẹn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Kò lè jókòó mọ́. Ó jáde, ó gba ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn, ó ń rìn, ó ń sáré díẹ̀díẹ̀, eruku ń bo bàtà rẹ̀. Ó ti ń ronú àtipadà kó tó rí wọn: bàbá arúgbó kan tó ń tẹ̀pá, àti Mùnírù pẹ̀lú iṣu lórí.

"Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń yẹ gbogbo ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà," ni Mùnírù wí, ó ń mí gúlegúle. "Ìlà ọkọ̀ ò kúrò lójú kan, fóònù mi sì ti kú."

"Èmi ni mo ní ká sọ̀ kalẹ̀," ni bàbá wí. "Ẹni tó ń lọ tọrọ ìyàwó kì í jókòó sínú ọkọ̀ tí ò lọ."

Bámikẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ti yíjú padà láti mú wọn lọ sílé, ìyá rẹ̀ ló rí. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìwé gèlè, ó ń mí bí ẹni tó sáré.

"Mo rò pé ìwọ náà ti lọ ni," ni ìyá wí.

Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ fún bàbá Mùnírù láàárín eruku.

"Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Màá tún ọbẹ̀ gbé kaná."