Ìwọ̀n Tó Parẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà Télọ̀

"Ṣé o ti kó ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi pamọ́ kó o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn?" Bàbá mi béèrè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò gbójú sókè.

"Mo ti kó o, Bàbá." Mi ò tíì kó nǹkan kan.

Télọ̀ ni bàbá mi. Inú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ló ń tọ́jú ìwọ̀n ọrùn, èjìká àti ìbàdí gbogbo ẹni tó ti ránṣọ fún láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ náà ti darúgbó. Bí a bá tàn án, bàbá mi á ti gé ṣòkòtò kan tán kó tó jí. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì títì ló fún mi ní Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè mú kí arúgbó ẹ̀rọ tún máa sáré; orí fíláàṣì ló wà.

"Ọmọ télọ̀," ó kìlọ̀ fún mi, "tí ẹ̀rọ náà bá bi ọ́ bóyá kó pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, rò ó dáadáa kó o tó tẹ̀ ẹ́."

Mi ò rò ó. Mo ti ṣèlérí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé wọ́n á rí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń sáré lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn dé, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí Linux fi jókòó. Ojú ẹ̀rọ náà mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ètò ìkọ̀wé àti ti ìṣirò ti wà nínú rẹ̀; ohun tí mo bá tẹ̀, kíá ló ń ṣí. Inú mi ń dùn títí mo fi wá ìwé ìwọ̀n. Kò sí níbì kankan.

Nígbà tí bàbá mi béèrè rẹ̀, mo ní, "Bóyá fíláàṣì tí wọ́n fún mi ni ò dáa."

Ó kọjá sí òdìkejì títì. Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Onítúnṣe náà ò jiyàn. "Tó bá jẹ́ fíláàṣì mi ló fà á, ẹ foríjì mí, sà." Oníbàárà kan tó jókòó tì í gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ mi gbé mi kọjá títì. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, irọ́ ni mo pa. Ó kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mi ò sì kó nǹkan kan pamọ́."

Bàbá mi ṣí fìlà fún onítúnṣe. "Dárí jì mí, àbúrò. Ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni mo kà sí ọ lọ́rùn." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ̀n ṣeé tún wọ̀n. Orúkọ ọmọlúàbí tó bá ya, ta ló máa bá wa rán an?"

Onítúnṣe gbìyànjú fún ọjọ́ méjì, kò rí ìwé náà mú jáde. Gbogbo ìsinmi ilé-ìwé mi ni mo fi gbé téèpù láti ilé dé ilé. Opó kan ò fẹ́ kí n wọn òun. Ìwọ̀n ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń béèrè, kó lè fi ránṣọ fún ọmọ wọn tó jọ ọ́ ní ìdúró. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Kò bá mi wí. Ó kàn rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ìkánjú bá sì ti mú wa ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́ ká tètè jẹ́wọ́, kí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ má baà bá wa jìyà. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí ìjẹ́wọ́ kò lè dá padà.