Ọ̀rọ̀ Tí Káfíńtà Jí

Eruku pákó ti bo irun káfíńtà náà funfun lọ́jọ́ tó wá tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ọmọbìnrin aránṣọ kan ṣe, ni ọmọbìnrin náà bá kí i láìwojú rẹ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Nígbà tó gbójú sókè, tó rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ẹ̀rín pa á débi tí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú. Mo rò pé ewú ni."

"Kò tíì di ewú. Ẹ ṣáà bá mi gbọn eruku náà dànù."

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn yẹn kò yéé bàjẹ́. Bí kò tilẹ̀ ké, káfíńtà á ní òun gbọ́ tó ké.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára gidi. Àmọ́ káfíńtà kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀rù sì ń bà á pé ẹlẹ́nu dídùn kan á gba ọmọbìnrin náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ó rí ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀rọ ayélujára lábẹ́ orúkọ ọkùnrin olókìkí kan. Ó dà á kọ, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù olólùfẹ́ rẹ̀: "Láti ìgbà tí o ti jáde, àga rẹ ṣì kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó láyà láti yí i padà."

Aránṣọ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè é.

"Níbo lo ti rí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Inú ọkàn mi ni."

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ìyá mi tó kú ni mo kọ ọ́ fún. Orí ìkànnì mi ni wọ́n ti jí i."

Irọ́ yẹn dùn ún ju olè lọ. Nígbà tí káfíńtà wá bẹ̀bẹ̀, bàbá ọmọbìnrin náà ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Àga ìyàwó mi lo fi ń fẹ́ ọmọ mi? Ẹni bá purọ́ á jalè. Ìwọ ti ṣe méjèèjì. Má padà wá mọ́."

Ìtìjú bo káfíńtà, ṣùgbọ́n kò sá. Ó lọ sí ojú ìwé olókìkí náà, níbi tí àwọn oníbàárà tirẹ̀ gan-an ti máa ń ka nǹkan, ó kọ ọ́ ní gbangba: "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkùnrin yìí. Aránṣọ kan ló kọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Èmi náà jí i, mo sì purọ́ lé e. Ẹ lọ wo ìkànnì rẹ̀, ẹ ó rí ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e síta." Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Olè Ọ̀rọ̀. Àwọn kan kò sì gbéṣẹ́ fún un mọ́.

Aránṣọ fi ẹ̀rí yẹn kún ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ kọ, tó ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, ó fi ẹjọ́ sun àwọn tó ni ìkànnì tí olókìkí náà ń lò. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún kúrò lábẹ́ orúkọ olókìkí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Láti ìgbà náà, aránṣọ kò gbé ọ̀rọ̀ kankan síta mọ́ láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí àárín àti ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ka ohun tí káfíńtà kọ, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Ó ba ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́ kí orúkọ rẹ lè padà sídìí ọ̀rọ̀ rẹ. Pè é wá."

Káfíńtà dé, kò jókòó.

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ dídùn kankan," ló wí fún ọmọbìnrin náà. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti lé mi, mo wọn pákó kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo ṣì gé e kúrú. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Omijé lé ròrò sí i lójú. "Ta ló kọ ìyẹn fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Pákó náà wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti bàjẹ́."

Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ káfíńtà mú lójú bàbá rẹ̀.

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹlòmíì o. Èmi ni mo ni ín."