Olóhùn-iyọ̀ Oníṣẹ́jú Mọ́kànlá

Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ń tún aago ṣe ti fi awò há ojú kan, ó ń fi ẹ̀mú gbé irin kan tí kò nípọn ju irun ìpéǹpéjú lọ, kò sì lè gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Aago bàbá mi ló dákẹ́. Wọ́n ní bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á tún sọ̀rọ̀."

Irin bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ta ni kò mọ ohùn yẹn? Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, láti aago méjì sí aago márùn-ún, ohùn náà ni í bá a jókòó nídìí iṣẹ́ lórí rédíò, á máa mú orin ìbílẹ̀ láti ilẹ̀ oríṣiríṣi wá: orin àwọn darandaran orí òkè, orin apẹja, orin ìrẹmọ́ àwọn tí yìnyín bo òrùlé wọn. Gbòǹgbò Orin ni ètò náà ń jẹ́.

"Ẹ̀yin ni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀," ló wí.

"Èmi ni. Ẹ ò tíì wojú mi."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí irin tí ẹ mú kó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n ń wá irin lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ ti lọ́kọ?" ọkùnrin náà bèèrè, bí ẹni ń bèèrè ibi tí ìgbálẹ̀ wà.

"Aago ni mo fẹ́. Ogójì ọkọ ló wà lára ògiri yẹn. Ṣé ẹ fẹ́ ṣe ìkọkànlélógójì ni?"

"Bí àyè bá wà."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò gbé aago wá. Nígbà tí aago ilé rẹ̀ tán, ó lọ yá ti aládùúgbò. "Alágo mi" ló ń pè é. Òun náà ń pè é ní "ọkọ mi ọ̀la". Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára bí òróró ṣe ń wọ irin, Ọlọ́run sì mọ̀ pé kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Ìyá Alágo nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ọmọ mi, ohùn tí gbogbo ìlú ń gbọ́, ṣé tìẹ nìkan ló máa jẹ́?"

"Màámi, ohùn nìyẹn. Èmi ló ni ẹnu."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Wọ́n mú Sọ́ńdè kan tí ẹbí méjèèjì yóò pàdé láti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Láti ìgbà náà ni Alágo ti ń gbé abọ́ oúnjẹ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé: ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja méjì.

"Jókòó jẹ ẹ́ o," á kìlọ̀. "Má ṣe gbé e mì bíi pẹ́pẹ́yẹ."

"Mo gbọ́, ìyá mi kejì."

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn èyí ni obìnrin kejì dé.

Orí rédíò ló gbà dé. Alágo ń to aago kan lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó ti kan obìnrin mi. Olóhùn-iyọ̀, a-kọrin-bí-ẹni-ń-da-òjò-sórí-ewé. Olóhùn-iyọ̀, a-pe-ẹni-ìbànújẹ́-lórúkọ-kó-rẹ́rìn-ín. Ará òkè òkun tí mi ò mọ èdè rẹ̀, tí ọkàn mi ń túmọ̀ rẹ̀. Ìwọ nìkan lò ń fún mi ní ìsinmi."

Ni ohùn obìnrin kan bá dìde, òun àti ohun èlò olókùn kan ṣoṣo. Aago tí Alágo ń tò dúró sí i lọ́wọ́.

Ó ti ń gbọ́ ètò yìí fún ọdún mẹ́rin. Orin kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ níbẹ̀. Ó gbójú sí ogójì aago ara ògiri, ó wọn ti obìnrin yìí. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá. Nígbà tí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì padà sórí afẹ́fẹ́, ohùn rẹ̀ ti dẹ̀, ó ń fà bí ohùn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹní.

Sátidé kejì, obìnrin yẹn tún dé. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Oríkì tuntun, ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ohùn tó dẹ̀.

Àwọn àgbà ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Alágo rẹ́rìn-ín. Owú kì í bèèrè bóyá òkú ni orogún tàbí alààyè. Ibi tó bá ti rí àlàfo ló ń gbà wọlé. Ọdún kan gbáko ni òun àti ọkùnrin yìí ti ń fẹ́ra, kò tíì fi oríkì kan kì í létí ẹnì kan. Kí ló ń ṣe nínú ìṣẹ́jú mọ́kànlá? Ta ni ó ń wọlé tọ̀ ọ́ nígbà tí àwo orin ń yí? Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n owú ti pa á lẹ́nu mọ́.

Sátidé kẹrin, kò gbé abọ́ lọ. Ó ránṣẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀. Ó wá jókòó ti rédíò bí ẹni tó dẹ pàkúté.

Olóhùn-iyọ̀ kò wá lọ́jọ́ náà. Sátidé tó tẹ̀lé e, abọ́ kò lọ, Olóhùn-iyọ̀ kò sì wá.

"Ó ti mọ̀ pé mo ti mọ̀," Alágo sọ fún ìyá rẹ̀. "Ó ti gbé e pamọ́. Màámi, ẹ ránṣẹ́ sí wọn pé kí ẹbí má pàdé mọ́."

"Ṣé o bi í?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í? Ṣé olè máa ń jẹ́wọ́ ni?"

Ìyá ránṣẹ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò gbé aago kankan dání.

"Alágo mi, kí ni mo ṣe?"

"Bi obìnrin rẹ."

"Obìnrin wo?"

"Oníṣẹ́jú mọ́kànlá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ńlá ni. "Olóhùn-iyọ̀? Ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi?"

"Ìyẹn ni òkú. Alààyè tí o fi òkú bojú fún ńkọ́? Kí lò ń ṣe nígbà tí àwo yẹn ń yí, tí ohùn rẹ fi ń padà wá bíi ti ọkọ ìyàwó?"

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

"Bí o bá lè rò ó sí mi bẹ́ẹ̀," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "èwo ni màá sọ tí o máa gbà?" Ó yí padà, ó lọ.

Kó tó di Ọjọ́rú, èsì ìyá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti dé sí ìyá Alágo: "A ti gbọ́. Ẹni tó ń jowú àwo orin, bí aládùúgbò bá kí ọmọ mi ẹ kú àárọ̀ ńkọ́? Kí olúkálùkù máa mú ọmọ rẹ̀ lọ." Ní ìdájí, Alágo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Olúwa," ló wí, "bó bá jẹ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi, tètè fi hàn mí, kí ojú tó tì mí kọjá ibi tí mo ti lè padà."

Ọ̀sán Sátidé ni àdúrà náà gbà, ó sì gbà lọ́nà tí kò rò. Bàbá Ẹ̀rọ, àgbàlagbà tó ń mójú tó ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ rédíò, wọ ṣọ́ọ̀bù. Aago ara ògiri wọn ti ń fi ìṣẹ́jú méjì rìn sẹ́yìn, àwọn oníròyìn sì ń bínú. Ó wu Alágo kó kọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ó tẹ̀lé bàbá náà dé ilé iṣẹ́ rédíò, yàrá ẹ̀rọ ló sì ti gun àkàbà. Dígí fífẹ̀ kan ló wà láàárín ibẹ̀ àti yàrá tí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ó fi ẹ̀yìn sí dígí náà.

"Ṣé ìwọ ni Alágo tí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ?" Bàbá Ẹ̀rọ bèèrè nísàlẹ̀ àkàbà.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ lo wá fi ebi pa wá báyìí."

"Ẹ̀yin àti ta, sà?"

"Èmi àti ọkọ rẹ. Ọmọ yẹn ò lè jẹun láàárín orin oníṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ní o ti kìlọ̀ pé kí òun jókòó jẹ ẹ́, kí òun má gbé e mì bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ó tú gbogbo àpótí àwo orin wa palẹ̀ títí ó fi rí orin tó gùn tó abọ́ rẹ. Bí obìnrin yẹn bá ti ń kọrin, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn, á jẹun bí ọmọlúàbí. Ẹja kejì, tèmi ni." Ó mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà tí abọ́ ò ti wá mọ́, kí la fẹ́ fi orin gígùn ṣe?"

Alágo di àkàbà mú. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ohùn ọkọ ìyàwó tí ó gbọ́, ohùn ọkùnrin tó yó ni.

Ó parí aago náà. Ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí iná pupa ẹnu ọ̀nà, tó ń fi hàn pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, kú, tí orin darandaran bẹ̀rẹ̀, ó wọlé.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló wà," ni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí, kò wò ó.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Aago wa lo wá tún ṣe."

"Mo ti tún ìyẹn ṣe. Ó ku tèmi. Bàbá Ẹ̀rọ ti sọ fún mi. Èmi ni mo..."

Ọkùnrin náà gbé ìka sókè. Iná pupa tàn. Alágo gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń fi ohùn oyin bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ nípa orin apẹja, láìjẹ́ pé ó bojú wo òun lẹ́ẹ̀kan. Ìyà tó tó ìyà ni. Àwo tún yí.

"Mo jowú," ló wí kíá. "Mi ò ní parọ́. Ó jó mi nínú bí iná."

"Kì í ṣe owú ló dùn mí, Alágo. O wọ̀n mí. O fi aago wọ̀n mí, o ò sì bi mí. Bí a bá wá fẹ́ra, tí mo bá pẹ́ lọ́jà, ṣé o..."

Ìka sókè. Iná pupa. Lọ́tẹ̀ yìí, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ mì. Nígbà tó fẹ́ gbé àwo mìíràn, Alágo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbé obìnrin yẹn sí i."

"Ta ni?"

"Olóhùn-iyọ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ò lè tán nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó fa àwo náà yọ. Kò ki oríkì kankan, ó kàn sọ fáwọn olùgbọ́ pé, "Ẹnì kan ló béèrè fún orin yìí."

Ohùn òkè òkun náà dìde láàárín wọn.

"Mi ò ní tàn ọ́," ni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí. "Oúnjẹ rẹ ló mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ mo ti wá fẹ́ràn ohùn yìí. O gbé abọ́ wá o, o ò gbé e wá o, màá máa gbé e sí i."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Alágo tẹ́tí sí obìnrin náà, láìwo aago kankan. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ohùn rẹ̀ dára," ló wí. "Ó ń bí mi nínú bó ṣe dára tó. Ṣùgbọ́n oríkì yẹn ńkọ́? O ò kì mí rí."

"Tìrẹ kì í ṣe ti gbogbo ìlú." Ó tẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. "Alágo mi, a-fọwọ́-jẹ́jẹ́-jí-irin-tó-ti-kú. A-gbọ́-èémí-aago-bí-ìyá-ṣe-ń-gbọ́-ti-ọmọ. Aya ogójì ọkọ ara ògiri, tí ìkọkànlélógójì ń jowú gbogbo wọn. O wọ̀n mí, o ní mo kù. Tún mi wọ̀n, olólùfẹ́."

Bí wọ́n ṣe parí ìjà nìyẹn, orogún ń kọrin lé wọn lórí.

Ó wá ku ìyá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Alágo àti ìyá tirẹ̀ tẹ̀lé Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ délé. Ìyá àgbà náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú ọpọ́n. Alágo kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

"Ṣé owú náà ti tán?" ìyá àgbà bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni ẹbí ń retí. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni ojú Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pàápàá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ.

"Rárá, mà," ni Alágo wí. "Kò tíì tán. Mi ò fẹ́ fi irọ́ wọlé yín. Àmọ́ láti òní lọ, màá kọ́kọ́ bèèrè kí inú mi tó gbóná."

Ìyá Alágo wolẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ìyá àgbà ṣa òkúta kan, ó jù ú nù.

"Bàbá ọmọ yìí ní kẹ̀kẹ́ kan," ló wí. "Àràárọ̀ ló ń nù ún. Á fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, á máa pè é ní ẹṣin mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jowú kẹ̀kẹ́. Ìgbà tó sú mi, mo gbé e sọ sí kànga."

"Kẹ̀kẹ́ yẹn?" ni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí. "Màámi, Bàámi ní olè ló gbé e."

"Ohun tó mọ̀ lọ sí sàréè nìyẹn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Èmi náà ì bá ti kọ́kọ́ bèèrè."

Ó gbé ọpọ́n ẹ̀wà sílẹ̀, ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dìde nílẹ̀, ìyàwó mi. Wá jókòó síbí ká mú ọjọ́."